Ọkọ̀ Tí Wọ́n Rà Tí Wọn Kò Gùn



 



Lẹ́tà kan ni ó fa wàásù ti oṣù yìí. Arákùnrin wa kan, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí rí kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ sí wa láti ìlú Houston. Ó ní ẹnì kan ní àdúgbò òun fẹ́ ta ọkọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní RV lọ́hùn-ún. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti rà á, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì gbé e jáde. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ibùsùn inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n pè é kò ju ìdajì owó tí wọ́n fi rà á lọ. Ohun méjì ni arákùnrin yìí bi wá. Ó ní ṣé ọkọ̀ náà ní àléébù ni, tí olówó rẹ̀ fi ń kánjú tà á bẹ́ẹ̀? Ó tún ní báńkì ti ṣetán láti yá òun lówó, tí òun yóò máa san án padà fún ọdún 15 pẹ̀lú èlé. Kí ni a rí sí i? Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà pátápátá ni ó ti wá mẹ́nu bà á pé ìyàwó òun kò fara mọ́ ọn, àti pé owó tí òun fẹ́ fi ṣe àsansílẹ̀ ni èyí tí òun ti ń tọ́jú fún Hájì ìyá òun tí ó wà ní Ìwó.

A ti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ó kàn, nítorí náà a tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí a sọ ọ́ níhìn-ín láì dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Ilé ni, lórí táyà. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, fíríìjì, ibi ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti àgbá omi. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó sì tóbi tó bọ́ọ̀sì tí ń ná Èkó sí Kánò. Òmíràn kò ní ẹ́ńjìnnì, píkọ́ọ̀pù ni yóò máa fà á lọ. Irú èyí ni wọ́n ń tà jù. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rà á ni pé kí tọkọtaya kó àwọn ọmọ wọn sínú rẹ̀, kí wọ́n lọ wo àwọn òkè ńláńlá, igbó àti adágún omi ní irú ibi bíi Yellowstone àti Yosemite, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì padà wálé.

A kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Àlùkùránì Alápọ̀nlé pè wá, nínú Sūratul-Ankabūt, láti rìn lórí ilẹ̀ kí a sì wo bí Allāhu ti bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí òkè tí yìnyín bò, tí bàbá rẹ̀ sì kírun Sùbúhì pẹ̀lú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè náà, kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ẹ má ṣe rò pé ìrìnàjò ni a fẹ́ bá jà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni ọ̀rá orí ibùsùn yẹn. Àwa ní Nàìjíríà mọ tòkunbọ̀ dáadáa. Tòkunbọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa: ó ti gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, ó ti gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí iléèwé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ta á. Èyí kò tíì rẹ̀ rárá. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí wọ́n fi gbé e síta pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá rà á. Kì í sì ṣe ọkọ̀ kan péré. Ní ọdún 2021, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí fúnra wọn ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní in, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó wà ní agbede-méjì nínú wọn ń lò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 20 lọ́dún. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 365. Ọjọ́ tí ó kù, ìdúró ni ó wà. Kí ni ó dé?

Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí ó pàṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kí ó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí owó oṣù rẹ̀ kò fi ní dín. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ni yóò fúnni. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ aládàáni sábà máa ń rí nǹkan bí ọjọ́ 10. Nínú ọjọ́ 10 yìí ni ọmọ yóò ti ṣàìsàn, tí ẹbí yóò ti ṣe ìgbéyàwó, tí ará ilé yóò sì kú. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ó sì wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti kí ìyá rẹ̀, ọjọ́ ti tán, gbèsè ọjọ́ tún kù. Ẹni tí kò ní ju ọjọ́ 10 lọ ni ó lọ ra ilé tí a fi ń káàkiri. Owó ni ó ní, àkókò ni kò ní. Níbi tí wọ́n sì ti ń ta ọkọ̀, wọn kì í ta àkókò níbẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ rí òpin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ibi ìsùn tí ó wà nínú àwọn ọgbà ìjọba tí ó lókìkí, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni àwọn ènìyàn ti máa ń gbà wọ́n tán. Ẹni tí ó jí ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ní kí a máa lọ, kò ní rí ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí.

Bí kò bá sì jáde, ọkọ̀ náà kò dákẹ́ owó jíjẹ. Owó ìnṣọ́ránsì ń lọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni wọn kì í gbà kí ènìyàn gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí iwájú ilé, nítorí náà yóò háyà ibi tí yóò máa gbé e sí lóṣooṣù. Táyà ń gbó lórí ìdúró, nítorí oòrùn àti ọjọ́ orí ń jẹ rọ́bà bí kò tilẹ̀ yí. Bátìrì ń kú. Ní ìhà àríwá, bí òtútù bá dé tí wọn kò sì fa omi inú páìpù jáde, omi náà yóò di yìnyín, páìpù yóò sì bẹ́. Oríṣi rọ́bà tí wọ́n fi dí ojú òrùlé rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, òjò ń wọlé, pákó inú ògiri ń jẹrà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Èkúté náà kì í béèrè ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sì wá gbé e jáde, èyí tí ó tóbi nínú wọn kì í sábà rìn ju máìlì 6 sí 10 lọ lórí gálọ́ọ̀nù epo kan.

Wọ́n tún ń ní láti wà á. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, láísẹ́nsì mọ́tò lásán ti tó láti wa ohun tí ó gùn bí bọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó ń wa mọ́tò kékeré ní àná ni ó dé ìdí afárá tí kò ga, ni ó dé ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn wọ ibi ìsùn lóru, tí ìyàwó ń pariwo apá òsì, tí òun ń yí sí apá ọ̀tún. A gbọ́ pé ìjà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹni tí ó wá gbádùn ara rẹ̀ ni yóò gbé rọ́bà tí yóò fi da ẹ̀gbin àgbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ dànù. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe, ìmọ́tótó wà lára ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí ìpolówó ọjà kan tí ó ya rọ́bà yẹn.

Nígbà náà ni yóò fẹ́ tà á. Níbẹ̀ ni ó ti máa ń mọ̀ pé ọkọ̀ titun ti pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ láàárín ọdún kan, nígbà tí gbèsè báńkì, tí ó lè tó ọdún 10, 15 tàbí 20, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dín, nítorí pé èlé ni púpọ̀ nínú owó tí ó ń san ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tà á, owó rẹ̀ kò tó san gbèsè. Bí kò bá tà á, ó ń jẹ owó nìṣó. Ìkánjú tí arákùnrin wa rí lójú ẹni tí ó fẹ́ tà á fún un, ibẹ̀ ni ó ti wá.

Àsìkò àrùn Kòfíìdì mú un le sí i. Ní ọdún 2020, tí ọkọ̀ òfuurufú kò fò bíi ti tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rù òtẹ́ẹ̀lì ń ba àwọn ènìyàn, wọ́n ya lọ síbi ọkọ̀ yìí bí omi. Ní ọdún 2021, iye tí ó jáde láti ilé iṣẹ́ ju 600,000 lọ, kò tíì rí bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2023, kò ju 313,000 àti díẹ̀ lọ mọ́. Ọ̀nà ti là, ọ̀gá ti pe àwọn òṣìṣẹ́ padà sí ọ́fíìsì, èlé báńkì ti gòkè. Ẹni tí ó fi ìbẹ̀rù rà á ti fi àárẹ̀ tà á.

A kò gbọdọ̀ dá gbogbo wọn lẹ́bi. Nínú wọn ni ọkùnrin tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń wéwèé pé bí a bá ti fẹ̀yìn tì báyìí, a ó lọ. Wọ́n ra ọkọ̀ náà ní oṣù tí ó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó kò rí ìrìnàjò kejì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n ń tà láì tíì lò, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ sí i bí kò ṣe innā lillāhi wa innā ilayhi rāji‘ūn.

Imam Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullāh ọmọ Mas‘ūd pé Ànábì (S.A.W.) fa ìlà onígun mẹ́rin kan sílẹ̀. Ó fa ìlà kan sí àárín rẹ̀ tí orí rẹ̀ yọ síta, ó sì fa àwọn ìlà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ti àárín yẹn. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ ènìyàn ni ti àárín, ọjọ́ ikú rẹ̀ ni onígun mẹ́rin tí ó yí i ká, ìrètí rẹ̀ ni èyí tí ó yọ síta. Àwọn kéékèèké sì ni wàhálà ayé, bí ọ̀kan bá tàsé rẹ̀, òmíràn yóò bà á. Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ yẹn wà nínú àwòrán náà. Orí ìlà tí ó yọ síta ni wọ́n gbé e sí.

Àwòrán mìíràn ni olùtajà ń fi hàn wọ́n: iná igi létí adágún, ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín, bàbá tí kò ní ibi tí ó ń kánjú lọ. Bàbá yẹn ni ẹni tí ó wọlé wá ń rà. Ó gùn wọ inú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ibùsùn, ó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni a ó máa jáde. Kò ní in shā Allāhu, bẹ́ẹ̀ ni Sūratul-Kahfi ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó dára jù nínú ẹ̀dá pé kí ó má ṣe sọ pé òun yóò ṣe nǹkan lọ́la láì so ó mọ́ ìfẹ́ Allāhu.

Nígbà tí a bá ń wàásù lórí ìnákúnàá, ẹni tí ó ń ná owó lóde àríyá ni ojú wa máa ń lọ bá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rà tí a gbé kalẹ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní ńkọ́? Nínú Sahīh Muslim, Jābir gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) ka ibùsùn: ọ̀kan fún ọkọ, ọ̀kan fún aya, ẹ̀kẹta fún àlejò; ó ní ẹ̀kẹrin ti Ṣàìtáánì ni. Imam Nawawi ṣàlàyé pé ohun tí ó ju bùkátà lọ, tí a fi ń ṣe fáàrí, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ibùsùn tí kò sí ẹni tí yóò sùn lórí rẹ̀, ti ta ni kí á pè é? Ẹ tún rántí ọ̀rá tí wọ́n kò tíì ṣí.

Hádíìsì kejì ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá lọ. Muslim náà ni ó gbà á wá, láti ọ̀dọ̀ Abū Sa‘īd al-Khudrī. Wọ́n wà lórí ìrìnàjò, ọkùnrin kan sì dé lórí ohun tí ó ń gùn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ànábì (S.A.W.) rí ojú ọkùnrin náà, ó mọ̀ pé ó ṣe aláìní. Ó wá sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹni tí ó bá ní ẹran gígùn tí ó ṣẹ́ kù, kí ó fi ṣàánú ẹni tí kò ní. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dárúkọ oríṣiríṣi ohun ìní, tí Abū Sa‘īd fi sọ pé ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò tọrọ. Ojú rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yẹn kan náà, àwọn arúgbó wà tí owó ilé ti ga jù fún, tí wọ́n ń gbé inú irú ọkọ̀ yìí láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé Ọ̀pẹ. Bí òtútù bá dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa wọ́ lọ sí aṣálẹ̀ Quartzsite ní ìpínlẹ̀ Arizona. Tiwọn kì í gba ìdúró. Wọ́n ń lò ó títí irin rẹ̀ yóò fi dà. Ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá, àwọn titun wà nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n fi tapólì bò wọ́n.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kò rí RV rí má ṣe rẹ́rìn-ín sí ará Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tiwa yìí náà dá owó ra bọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà yóò rántí. A dá owó náà fún oṣù mọ́kànlá, àwọn arábìnrin wa kan tà nínú aṣọ wọn kí ó lè pé. Ìpolongo ẹ̀sìn ni a ní a ó máa fi lọ, láti ìletò dé ìletò. Ìjáde méjì ni ó bá wa lọ. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò máa wà á, ta ni ó ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣófo, èló ni epo. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ni ó dúró sí títí táyà rẹ̀ fi rì mọ́lẹ̀ tí ewéko yí i ká. Ní àsìkò yẹn kan náà, ìyá arúgbó kan nínú jámáà wa ń fẹsẹ̀ rìn láti òdìkejì odò wá kírun Jímọ̀, ó sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. A ń kí i. Kò sí ẹni tí ó wo ojú rẹ̀ nínú wa. Nígbà tí a tà á, ẹni tí ó rà á fi ṣe kábúkábú, láàárín oṣù kan ó ti gbé ènìyàn tí ó pọ̀ ju èyí tí àwa gbé ní gbogbo ìgbà tí a fi ní in.

Lórí ọ̀rọ̀ èlé, a kò ní lọ́ ọ́. Ìparí Sūratul-Baqarah sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ogun láti ọ̀dọ̀ Allāhu àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni ẹni tí kò bá jáwọ́ nínú èlé ń gbà. A mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ilé gbígbé fún Mùsùlùmí tí ó wà ní òkè òkun, bóyá túláàsì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ọkọ̀ afẹ́ ní túláàsì? Kí owó tí a fẹ́ fi wọnú èlé yẹn sì wá jẹ́ owó Hájì ìyá ẹni, ìyẹn wúwo jù fún wa láti kọ sínú lẹ́tà. A kọ ọ́ ṣá.

Ohun tí a sọ fún un nìyí. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà má ní àléébù kankan, àyàfi kí ó gun òrùlé rẹ̀ wò bóyá omi ti wọlé. Kàlẹ́ńdà ẹni tí ó ni í ni ó ní àléébù. Kí ó gbé kàlẹ́ńdà tirẹ̀ náà jáde, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde sí i ní ọdún yìí, ọjọ́ gan-an, pẹ̀lú bí ibi iṣẹ́ ti gbà fún wọn. Kí ó gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń wí. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ni ó ń rò, wọ́n ń háyà ọkọ̀ yìí lọ́hùn-ún ní ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan; kí ó háyà ọ̀kan, kí ó fi owó ọwọ́ san án.

Lẹ́tà rẹ̀ kejì dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ ọjọ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n rí ní odidi ọdún. Wọ́n háyà ọkọ̀ náà fún mẹ́rin, wọ́n sì gbé e lọ sí etí òkun ní Galveston. Ó ní òun fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá òpó kan, òun san owó rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń béèrè ìgbà tí wọn yóò tún lọ. Ó ní èyí tí aládùúgbò òun fẹ́ tà ṣì wà níbi tí ó wà, wọ́n ti tún dín owó rẹ̀ kù. Ìyá rẹ̀ ní Ìwó ti ya fọ́tò tí yóò fi gba ìwé ìrìnnà, ó sì rán ẹ̀dà kan sí i.